Ìrora tó ń ti ìdí sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀: èwo ló ń wò ó, èwo ló kàn ń gba ọpẹ́?

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní Gáréèjì Ìkòròdú, kí ọkọ̀ Mile 12 tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún, àwọn ìyá alágbo ti gbé ike wọn kalẹ̀. Àgbo jẹ̀dí wà nínú ọ̀kan, àgbo ibà wà nínú òmíràn, èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n fi ògógóró rẹ sì ni wọ́n ń pè ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Awakọ̀ kan á na owó, á ní, "Ìyá, ẹ bu tẹ̀yìn fún mi, ẹsẹ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn." Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ bi àwọn tó ń mu ún bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Kò ní pẹ́ tí ẹ fi máa rí ẹni tó máa búra pé òun ò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn, pé àgbo yìí ló gbé òun dìde. Ẹni tó dúró tì í á ní òun ò mu àgbo rárá, àdí àgbọn àti iyọ̀ gbígbóná ni wọ́n fi ra tòun. Ẹnì kẹta á ní abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún òun ní kẹ́míìsì. Ẹnì kẹrin á ní àdúrà ni.

Kò sí ẹni tó ń parọ́ nínú wọn. Ara gbogbo wọn ló yá lóòótọ́. Àmọ́ irú ìrora yìí, tí wọ́n ń pè ní sáyátíkà nílé ìwòsàn, ní ìwà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tó bá ṣe, á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ohunkóhun tí ènìyàn bá sì ń lò lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ náà ló máa gba ọpẹ́. Ìdí nìyẹn tí oògùn rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígboro, tí kò sì sí èyí tí kò ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò tó kéèyàn bi ìtọ́jú kan pé ta ló ti wò sàn rí. Ohun tó yẹ ká bi í ni pé: ṣé ìrora máa ń rọlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ju bó ṣe máa rọlẹ̀ láìsí i? Tí kò bá sì ṣe nǹkan kan, kí ni yóò bà jẹ́ lára? Ojú méjì yìí ni mo fẹ́ fi wo ìtọ́jú ilé tó wà káàkiri ọ̀dọ̀ wa.

Iṣan sáyátíìkì, tí sáyátíkà ti gba orúkọ, ni iṣan ìmọ̀lára tó gùn jù tó sì nípọn jù nínú ara. Ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Gbòǹgbò márùn-ún tó jáde láti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ló para pọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìdí, ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò. Ó gba abẹ́ ẹran ìdí kọjá, ó gba ẹ̀yìn itan wá sílẹ̀, kó tó dé orúnkún ó ti pín sí méjì, ó sì bá ibẹ̀ lọ títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ohun tó tẹ̀, òun náà ló ń gbé àṣẹ lọ fún ẹran ẹsẹ̀ kó lè gbéra.

Láàárín egungun ẹ̀yìn kan sí èkejì, tìmùtìmù kan wà tí wọ́n ń pè ní dísìkì. Òde rẹ̀ yi, inú rẹ̀ rọ̀. Bí ẹ bá mú mọ́ínmọ́ín eléwé tí kò tíì dì dáadáa, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ níwájú, ẹ̀yìn ló máa gbà yọ. Bí dísìkì náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ohun rírọ̀ inú rẹ̀ á yọ sẹ́yìn, á lọ kan gbòǹgbò iṣan. Kì í sì í ṣe títẹ̀ yẹn nìkan ló ń dunni, ohun tó yọ náà máa ń mú kí gbòǹgbò iṣan wú, kó sì máa gbóná. Nínú ẹni mẹ́wàá tó ní sáyátíkà, nǹkan bí mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé ibí ló ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá ní dísìkì méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí àwọn ni wọ́n ń gbé gbogbo ẹrù ara. Oníṣègùn ará Ítálì kan, Domenico Cotugno, ti ya ìrora iṣan yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ìrora oríkèé láti 1764, ní 1934 sì ni dókítà méjì, Mixter àti Barr, ní Amẹ́ríkà fi hàn gbangba pé dísìkì tó yọ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Àwa níhìn-ín ṣì ń pe gbogbo rẹ̀ ní làkúrègbé.

Dísìkì nìkan kọ́ o. Lára àgbàlagbà, ihò tí iṣan ń gbà kọjá nínú ọ̀pá ẹ̀yìn lè ti fún. Irú wọn kì í lè rìn jìnnà, ẹsẹ̀ á wúwo, á máa ta, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti jókòó tàbí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ síwájú, ara á tù wọ́n. Ẹran ìdí tó dì lè fún iṣan náà mọ́ra. Ó máa ń ṣe aláboyún. Ó máa ń ṣe ọkùnrin tó ń fi pọ́ọ̀sì bàǹbà sápò ẹ̀yìn jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ sì lè wọ egungun ẹ̀yìn, èyí tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé nílẹ̀ wa.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀? Ẹsẹ̀ kan ló sábà máa ń mú. Ìrora ẹsẹ̀ náà á ju ti ẹ̀yìn lọ, á ti ìdí sọ̀ kalẹ̀ kọjá orúnkún. Kì í ṣe ìrora wúyẹ́wúyẹ́. Ṣe ni yóò máa ta, yóò máa jó, ẹ̀ẹ̀kan náà á sì gbá ènìyàn fìrì. Tí onítọ̀hún bá húkọ́, tó sín, tàbí tó ń fi agbára yàgbẹ́, á le sí i. Òkè àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí ìka kékeré ẹsẹ̀ lè kú, tí kò ní mọ̀ bí nǹkan bá kàn án. Àwọn oníṣègùn máa ń ní kí ẹni náà dùbúlẹ̀ gbalaja, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè ní nínà láìṣẹ́ orúnkún. Tí ìrora bá ta wá sí ìsàlẹ̀ orúnkún kí ẹsẹ̀ tó dé ìdajì òkè, wọ́n ti fura nìyẹn. Orúnkún tó wú tó ń dun ènìyàn tó bá ń gun àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Jẹ̀díjẹ̀dí náà ò bá a tan, nítorí náà ẹni tó torí sáyátíkà jáwọ́ ṣúgà nínú gaàrí kàn ń fìyà jẹ gaàrí lásán ni.

Ohun tó wà nínú ìgbé ayé Ìkòròdú kò ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́. Ẹ wo ẹni tó ń gbé ní Ìjẹdẹ tàbí Ìgbógbò tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà tó ń bọ́ sí kòtò tó ń jáde. Ó dé Gáréèjì, ó bọ́ sínú dáńfó, orúnkún rẹ̀ kan irin ìjókòó iwájú, ó ká ẹ̀yìn kò títí dé Mile 12, gosíló wà níwájú. Bọ́ọ̀sì BRT tó bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn ní 2015 gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìyẹn, àmọ́ ẹni tó tò sórí ìlà fún wákàtí kan kó tó rí bọ́ọ̀sì wọ̀ mọ bí ẹ̀yìn òun ṣe rí. Ìwádìí lórí àwọn awakọ̀ ti fi hàn láti ọjọ́ pípẹ́ pé jíjókòó nínú ọkọ̀ tó ń gbọ̀n fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́ máa ń bá sáyátíkà rìn.

Ẹ tún lọ sí etí omi ní Májìdùn, níbi tí wọ́n ti ń kó yanrìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin á bẹ̀rẹ̀, á fi ṣọ́bìrì kó yanrìn tútù, kò ní kọ́kọ́ nàró kó tó yí, ó ti bẹ̀rẹ̀ náà ni yóò ti fi ìbàdí yí, tí yóò sì jù ú sí ẹ̀gbẹ́. Bí yóò ṣe máa ṣe é títí oòrùn yóò fi mú nìyẹn. Bíbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, kéèyàn tún yí ara pọ̀ mọ́ ọn: kò sí ohun tí dísìkì kórìíra tó o. Alágbàṣe tó ń gbé kọnkéré, obìnrin tó ń gbé ike omi kúrò nílẹ̀, àwọn tó ń di páálí ní àwọn ilé iṣẹ́ Odógunyàn, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀. Sìgá mímu àti sísanra jù ń dá kún un. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má di ẹ̀bi ru ọjọ́ kan ṣoṣo tó gbé jẹnẹrétọ̀. Láti bí ọmọ ogún ọdún ni omi inú dísìkì ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ yẹn kàn jẹ́ ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ síta ni.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí bó ṣe ń lọ fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Dísìkì tó yọ kì í padà wọlé bí àwọn tó ń tẹ ènìyàn lẹ́yìn ṣe ń sọ. Ara fúnra rẹ̀ ló máa ń jẹ ẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ á rí ohun tó yọ náà bí àjèjì, wọ́n á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi sún kì, gbòǹgbò iṣan á sì tutù. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ dókítà gan-an lẹ́nu ni pé èyí tó yọ púpọ̀ ló sábà máa ń sún kì jù. Ní Netherlands, wọ́n pín àwọn 283 tí sáyátíkà wọn le sí ọ̀nà méjì, wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan, wọ́n ní kí apá kejì máa ní sùúrù pẹ̀lú ìtọ́jú. Àbájáde tó jáde ní 2007 fi hàn pé àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ló tètè rí ìtura, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún kan fi pé, nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn ti yá lápá méjèèjì.

Iṣẹ́ wa, nígbà náà, ni pé ká jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn rọrùn láti kọjá, ká má sì dá kún ọ̀rọ̀.

Èyí tí a máa ń kọ́kọ́ ṣe ni dídùbúlẹ̀. Ìyàwó á ní kí baálé ilé má ṣe dìde o, ọmọ á máa gbé oúnjẹ lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti dán an wò, ní Netherlands kan náà, ní 1999: wọ́n ní kí àwọn kan dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kí àwọn yòókù máa ṣe iṣẹ́ wọn bí agbára wọn bá ṣe mọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn ti dára níhà méjèèjì. Kò sí èrè kankan nínú dídùbúlẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ẹran ẹ̀yìn máa ń joro tí a kò bá lò ó. Ọjọ́ kan tàbí méjì tó bá le gan-an, kò burú. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrìn kúkúrú, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, láti ilé dé ìta kí a sì padà, ká máa fi díẹ̀ kún un. Nínú gbogbo ìtọ́jú tí kò la oògùn lọ, ìrìn ni mo máa kọ́kọ́ fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí kò ná ni ní kọ́bọ̀.

Eré ìmárale tó tẹ̀ lé e ní ìtàn. Ní 1956, ní Wellington lórílẹ̀-èdè New Zealand, aláìsàn kan tí ìrora rẹ̀ ti wà lẹ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan wá sọ́dọ̀ oníṣẹ́ físíò kan, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìmárale tọ́jú ara, tó ń jẹ́ Robin McKenzie. McKenzie ní kó lọ dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó máa dúró de òun. Kò rántí pé orí bẹ́ẹ̀dì náà ṣì wà ní gbígbé sókè láti ọ̀dọ̀ ẹni tó lò ó ṣáájú. Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí McKenzie fi máa wọlé dé, ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n aláìsàn ní ẹsẹ̀ òun kò dun òun mọ́, pé ẹ̀yìn nìkan ló kù. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ìtọ́jú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ti bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí ẹ dojú bolẹ̀, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kí ẹ sinmi bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta. Tí ara bá gbà á, ẹ fi ìgúnpá gbé àyà sókè, kí ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Tí ìyẹn náà kò bá dá wàhálà sílẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tilẹ̀ kí àyà gbéra, ṣùgbọ́n kí ìbàdí àti itan má kúrò nílẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ tún un ṣe tó ìgbà mẹ́wàá. Ẹ lè ṣe é láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́ àti kẹ́ ẹ tó sùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ṣe nìyí: kì í ṣe bó ṣe ń dunni tó ni a fi ń mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ibi tí ìrora wà ni. Tó bá jẹ́ pé ọrùn ẹsẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀, tó wá gòkè sí orúnkún, tó ti orúnkún gòkè sí ìdí, ó ń san nìyẹn, bí ẹ̀yìn bá tilẹ̀ ń dunni sí i fúngbà díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń sọ̀ kalẹ̀, tó ti itan dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bàbá àgbàlagbà tí ara máa ń tù tó bá bẹ̀rẹ̀ síwájú kò gbọ́dọ̀ ṣe èyí rárá; tirẹ̀ ni kó dùbúlẹ̀ gbalaja, kó fa orúnkún kan mọ́ àyà, kó sọ ọ́ kalẹ̀, kó fa èkejì. Fún ẹran ìdí tó dì, ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ gbé ọrùn ẹsẹ̀ tó ń dùn lé orúnkún kejì, ẹ fa itan ìsàlẹ̀ mọ́ra fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹni tó bá jókòó sórí àga tún lè máa na orúnkún rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbé orí sókè, kó sì máa ṣẹ́ ẹ bó ṣe ń tẹrí ba, kí iṣan náà lè máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lọ́nà rẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o. Iṣan tó ń gbóná kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fà á bí okùn ìfami.

Lóru, ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún méjèèjì, tàbí kí ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ orúnkún. Wọ́n ti sọ fún ọ̀pọ̀ wa pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló dára fún ẹ̀yìn. Ìwádìí kan ní Spain ní 2003, láàárín 313 ènìyàn tí ẹ̀yìn ń dùn, fi hàn pé bẹ́ẹ̀dì tó le níwọ̀nba ló tù wọ́n lára ju èyí tó le gan-an lọ. Nínú ọkọ̀, ẹ ká ìborùn tàbí aṣọ kékeré sẹ́yìn ìbàdí, ẹ yọ pọ́ọ̀sì kúrò lápò ẹ̀yìn, kí ẹ tún ara gbé láti ìgbà dé ìgbà. Ẹni tó lè sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú kó fi ẹsẹ̀ rìn ìyókù ti ṣe nǹkan fún ara rẹ̀.

Nǹkan gbígbóná ńkọ́? Iyọ̀ tí wọ́n yan tí wọ́n di sínú aṣọ, ìgò omi gbígbóná tí wọ́n fi táwẹ́lì wé: ìṣẹ́jú 15 sí 20 lórí ìbàdí máa ń jẹ́ kí ẹran ẹ̀yìn tó ti gan rọ̀. Ohun tutù máa ń tu àwọn mìíràn lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èyí tó bá bá yín lára mu ni kí ẹ lò. Ṣùgbọ́n ẹ má fi nǹkan gbígbóná sí ibi tó ti kú lẹ́sẹ̀, pàápàá ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, torí ó lè bó láìmọ̀. Àdí àgbọn àti òrí kì í wọlé dé ibi tí iṣan wà, ọwọ́ tó ń rà á ló ń ṣiṣẹ́, ìyẹn náà sì tó ohun à ń dúpẹ́ fún. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù inú róòbù máa ń fún awọ ara ní nǹkan mìíràn láti máa rò. Kí ẹnikẹ́ni má gùn lé ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni o! Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ní kó máa tẹ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn kò mọ ibi tí dísìkì wà.

Atalẹ̀ àti atalẹ̀ pupa ti gba orúkọ lórí WhatsApp. Ẹ̀rí tó wà fún wọn jẹ́ lórí ìrora orúnkún, kò sì pọ̀. Lórí sáyátíkà, kò sí èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú atalẹ̀ pupa kì í tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ata dúdú ló ń ràn án lọ́wọ́, ìyèré tí a fi ń se ọbẹ̀ sì ní èròjà kan náà nínú. Ẹ fi sínú ọbẹ̀ bó bá ṣe wù yín. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nìkan ni kó kọ́kọ́ bi dókítà léèrè kó tó máa mu ún ní ife ní ife.

Àgbo ọ̀pá ẹ̀yìn ló gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ò bá ewé jà; lára èèpo igi kan tí wọ́n ń pè ní willow ni ìrònú lórí aspirin ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tí kò sí nínú ewé. Ògógóró máa ń pa ìrora kú fún wákàtí díẹ̀, ẹni tó sì ń wakọ̀ kúrò ní Gáréèjì ló ń mu ún. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, àyẹ̀wò ti rí sítẹ́rọ́ìdì, oògùn líle tó ń mú wíwú rọlẹ̀, àti oògùn ìrora nínú àgbo tí wọ́n ní ewé pọ́ńbélé ni. Àgbo tó bá ta ìrora dànù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ojú sì ń wú lẹ́yìn oṣù kan, kí ènìyàn fura sí i.

Nǹkan mìíràn tún wà tó sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Ọmọ bíbí Ìkòròdú ni Jacob Odulate tó dá Alábùkún sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1918, ó sì yẹ ká máa fi í yangàn. Ṣùgbọ́n aspirin àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀, àwọn àgbàlagbà wa sì ń lò ó bí ẹni pé torí pé àwọn bá a nílé, oògùn kọ́. Aspirin lórí ọgbẹ́ inú, tí wọ́n tún wá fi àgbo ológógóró lé e, lè mú kí inú máa ṣẹ̀jẹ̀. Ìkìlọ̀ kan náà ló bá àwọn oògùn ìrora bíi dáíkílófẹ́nákì àti ibuprofen: ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣe tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru jìnnà sí i àfi tí dókítà bá ní kó lò ó. Oògùn iṣan olówó ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní pregabalin tí wọ́n máa ń kọ fún sáyátíkà. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní Australia, tí àbájáde jáde ní 2017, kò ṣe ju oògùn ayédèrú tí kò ní nǹkan kan nínú lọ.

Abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì ni mo kórìíra jù nínú gbogbo rẹ̀. Iṣan sáyátíìkì yìí gan-an ló gba inú ìdí kọjá. Ẹni tí kò kọ́ ọ, tó gún abẹ́rẹ́ sí àárín ìdí tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀, lè gún iṣan náà. Irú rẹ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọdé nílẹ̀ yìí di ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, torí ibà tí wọ́n ní kí wọ́n wá gún abẹ́rẹ́ sí. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fún kẹ́míìsì àdúgbò kì í ṣe fún abẹ́rẹ́ gígún. Ká wá gbé iṣan tó ti ń dunni tẹ́lẹ̀ lọ síbẹ̀, ta ló rán wa?

Ní ti bẹ́líìtì ẹ̀yìn tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìtọ́sọ́nà tó gbé jáde ní 2023 pé àwọn ò fọwọ́ sí i fún ẹ̀yìn dídùn tó ti pẹ́. Eré ìmárale àti ìlàlóye ni wọ́n fọwọ́ sí. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ físíò, wọ́n sì wà nílé ìwòsàn ìjọba. Ní ilé ìwòsàn egungun Ìgbóbì, tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n fi orúkọ Ìkòròdú pè, ni iṣẹ́ físíò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílẹ̀ Nàìjíríà láti 1945, nígbà tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara pa. Ẹ bèèrè fún wọn kí ẹ tó sanwó sikáànù. Tí wọ́n bá ya ẹ̀yìn àwọn tí kò sí ohun tó ń dùn rárá, wọ́n máa rí dísìkì tó wú lára nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ogún ọdún, àti 84 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún. Àwòrán nìkan kì í sọ ibi tí ìrora ti wá.

Sùúrù tí mò ń wàásù yìí ní ibi tó pin sí. Ìrora tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò rọlẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ibà, ara tó ń fọn, òógùn òru, ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ rí, ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà: wọn kò gbọ́dọ̀ dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí ẹsẹ̀ kò bá lè gbé ìka sókè mọ́, tó ń wọ́ nílẹ̀, ọjọ́ náà ni. Èyí tó burú jù ni kí ojú ara àti ìdí kú, níbi tó máa ń kan ìjókòó ọ̀kadà gan-an, kí ìtọ̀ máà jáde tàbí kó máa jáde láìmọ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì rọ. Gbogbo iṣan ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ni dísìkì ti tẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ abẹ ló sì máa ń gbà, láàárín wákàtí, kì í ṣe ọjọ́. Ẹni tó bá pẹ́ lè máa lo rọ́bà ìtọ̀ títí ayé. Òru ni o, òjò ni o, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà tó bá sún mọ́ yín kí wọ́n lè yára gbé e síwájú. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé ẹ̀yìn ń dùn ún, torí wọ́n á ní kí ẹ tò sórí ìlà. Ìtọ̀ tí kò jáde àti ìdí tó kú ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí ẹ sì sọ aago tó ti bẹ̀rẹ̀.